Ẹ Fi Òrí Pa Á

Abdulmumini kì í ka ènìyàn sí títí yóò fi rí ìbọn tó gbé lọ́wọ́. Bó bá sì rí ìbọn náà tán, kò tún ní ka onítọ̀hún sí mọ́. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí bàbá yìí ti ń tún ìbọn ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù páànù rẹ̀ lẹ́bàá Ọjà-Ọba, nílùú Ìlọrin, kò sì sí ọdẹ, ọlọ́pàá, ìjòyè tàbí akọ̀wé ìjọba tó gbé ìbọn débẹ̀ tí kò gbọ́ òṣé. Bó o bá gbé ṣakabùlà wá, á ní páìpù omi lo gbé wá. Bó o bá gbé ìbọn ẹlẹ́nu kan wá, á bi ọ́ bóyá olè ti kọ̀wé sí ọ pé òun máa dúró dè ọ́ títí o ó fi ki ọta mìíràn. Ẹlẹ́nu méjì nìkan ni kì í fi bẹ́ẹ̀ bú, nítorí òun náà ní ọ̀kan.

Ogun Hítílà ló fún un lẹ́nu gbogbo èyí. Wọ́n kó o lọ sí Bóòmà, ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú ìbọn palẹ̀ tí wọ́n sì ń tò ó padà, kódà bí wọ́n bá fi aṣọ dì í lójú. Ó ní òun rí ìbọn tó sùn sínú ẹrẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, tí òun fi ọwọ́ ara òun nù, tó sì tún dún. Ó ti sọ ìtàn náà débi pé Yàhàyá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń rán gàárì ẹṣin ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lè bá a parí rẹ̀ nígbàkígbà tí ikọ́ bá há a lọ́fun.

Oṣù kẹfà ọdún 1975 ni Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu gbé tirẹ̀ dé. Ọdún tí wọ́n san owó Údójì, àfikún owó oṣù ńlá nì, fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Àwọn kan fi tiwọn ra fíríìjì, àwọn kan fi ra alùpùpù, àwọn mìíràn tí ojú ń kán fi fẹ́ ìyàwó kejì. Olúgbémiga Láníyọnu, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, akọ̀wé àgbà tí kò pa eṣinṣin rí, fi tirẹ̀ ra ìbọn. Kì í sì í ṣe ìbọn lásán. Ó ra ọ̀tọmátíìkì.

Abdulmumini ìbá ti lé e láti ẹnu ọ̀nà, àfi pé ilé ọkùnrin yìí ni Sàrátù ń gbé, Sàrátù ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo. Nọ́ọ̀sì ni. Ọkọ rẹ̀ wà ní Kàdúná tó ń kọ́ṣẹ́, òun sì háyà yàrá kan nílé Láníyọnu ní Fate kó lè súnmọ́ ilé ìgbẹ̀bí tó ti ń ṣiṣẹ́. Fate ìgbà yẹn, ilé mélòó kan ló wà níbẹ̀ láàárín igbó, àwọn adigunjalè sì ti gbilẹ̀ láti ìgbà tí ogun abẹ́lé ti parí. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí Sàrátù bá wá kí bàbá rẹ̀ ni bàbá náà ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kó ẹrù rẹ̀ bọ̀ wálé. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ náà ni Sàrátù sì ń rẹ́rìn-ín, tí á ní, "Kò séwu, Bàbá. Onílé mi ní ìbọn."

Ìbọn ọ̀hún ló dé yìí, wọ́n fi ìró obìnrin dì í, ìró olódòdó pupa.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Sàrátù ní kí n kí yín."

"Ó ṣeun. Ṣé ẹni tó ni ìró yẹn mọ̀ pé ẹ gbé e jáde?"

Láníyọnu rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo nǹkan ni, bíi pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ sí i ló ń dùn mọ́ ọn. Ó tú ìró náà, ó gbé ìbọn lé orí tábìlì, ó sì ń fi ìka tọ́ka sí i lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń fi yàrá han ayálégbé.

"Ọ̀tọmátíìkì ni, Bàbá. Ọta márùn-ún ni mo máa kó sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mo bá ti yin àkọ́kọ́, òun fúnra rẹ̀ á tu páálí èyí tó ti jó dànù, á sì fa òmíràn wọlé. Kò dà bí ẹlẹ́nu méjì tó jẹ́ pé bó bá dún lẹ́ẹ̀mejì, ó tán."

Kò mọ̀ pé ẹlẹ́nu méjì ni bàbá tó ń bá sọ̀rọ̀ ní. Abdulmumini wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wo bàtà rẹ̀ tó ń dán, ó wo bírò mẹ́ta tó tò sápò àyà. Ó gbé ìbọn náà, ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n wò, ó sì gbé e padà sílẹ̀. Kò tú u. Kò tilẹ̀ yọjú wo inú rẹ̀. Méjì péré nínú irú rẹ̀ ló ti rí rí, méjèèjì ló há mọ́ àwọn tó ni wọ́n lọ́wọ́, láti ìgbà náà ló sì ti ṣèdájọ́ gbogbo ìran wọn.

"Nǹkan tí ẹ gbé yìí," ló wí, "ọjọ́ tí ẹ ò bá nílò rẹ̀ ló máa dún."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn, Bàbá. Mo gbọ́ pé ó máa ń há. Èèyàn mẹ́sàn-án ló ń sùn nílé mi, Sàrátù wà níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kó já mi kulẹ̀." Ó fa ìwé kékeré kan yọ, ìwé tó bá ìbọn náà wá láti òkè òkun. "Wọ́n kọ ọ́ síbí pé bí èèyàn bá ń nù ún, tó ń fi òróró sí i déédéé, kò ní há. Ìgò òróró tó bá a wá ló ti tán. Mo ti wá a yí Ọjà-Ọba ká. Ni mo bá ní kí n wá bi ẹ̀yin àgbà. Òróró wo ló dáa?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ni ìdáhùn rẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìgò rẹ̀ kan sì wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn Abdulmumini gan-an. Bó bá nawọ́ sẹ́yìn báyìí, ọwọ́ rẹ̀ á bà á. Ṣùgbọ́n inú ń bí i. Ìró olódòdó ń bí i nínú, bírò mẹ́ta ń bí i nínú, ìwé òyìnbó tó ń kọ́ni ní ìbọn ń bí i nínú jù. Ọmọ òun kọ ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ nítorí irú eléyìí.

"Ìbọn tí ẹ fi ìró pọ̀n bí ọmọ tuntun," ni Abdulmumini wí, ohùn rẹ̀ tutù minimini, "òrí ni wọ́n ń fi pa ọmọ tuntun. Ẹ lọ fi òrí pa á. Ẹ pa gbogbo oríkèé rẹ̀, nínú lóde. Bẹ́ ẹ bá pa á tán, kí ẹ tún gbé e pọ̀n."

Ní ṣọ́ọ̀bù kejì, Yàhàyá doríkodò sórí gàárì tó ń rán, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Láníyọnu náà rẹ́rìn-ín sí ti pípọ̀n. Lẹ́yìn náà ló fa bírò kan yọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ṣí ìwé pélébé kan, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀: Òrí. Gbogbo oríkèé, nínú lóde. Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ ṣeun púpọ̀, Bàbá," ló wí. "Ọgbọ́n Bóòmà nìyẹn."

Bó ti yí ẹ̀yìn padà ni Yàhàyá bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Abdulmumini kò rẹ́rìn-ín. Ó pòṣé, ó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Kò gbàgbé rẹ̀ pẹ́. Ní oṣù kẹjọ, ó lọ sí ọjà Ìpàta lọ ra ọkà bàbà, ó sì bá Láníyọnu nídìí àwọn ìyá tó ń ta òrí. Akọ̀wé àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yan òrí, ó ń gbóòórùn rẹ̀ bí obìnrin abiyamọ. Nígbà tó rí Abdulmumini, ó dìde fùú.

"Bàbá! Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mò ń pa á. Ó ń dán bíi dígí. Mo yìn ín wò lẹ́ẹ̀mejì nínú igbó ẹ̀yìnkùlé, kò há rárá."

Abdulmumini dúró pẹ̀lú àpò ọkà léjìká. Ó hàn sí i kedere pé ọkùnrin yìí ti gba ẹ̀gàn òun, ó gbé e lọ sílé, ó sì ń fi í ṣe iṣẹ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù kó sọ: àwàdà ni mo ṣe. Dípò bẹ́ẹ̀, ohun kan tó dùn bí oyin gòkè wá sí i lọ́fun. Akọ̀wé tó mọ ìwé tó báyìí!

"Ẹ máa pa á lọ bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí òrí wọ́n ọn."

Ó délé, ó sọ fún Yàhàyá, lọ́tẹ̀ yìí àwọn méjèèjì ló rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí akọ̀wé kan bá ti kọjá lójú ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, Yàhàyá á ní, "Òrí ńkọ́?" Abdulmumini á dáhùn pé, "Gbogbo oríkèé." Bí àwọn àgbàlagbà méjì ṣe ń ṣe bí ọmọdé nìyẹn títí òjò fi dáwọ́ dúró.

Ọyẹ́ ọdún náà wá mú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ètè àwọn ènìyàn là, eruku bo orí òrùlé gbogbo, omi inú ìkòkò sì ń ta ni lọ́wọ́ ní òwúrọ̀. Ní Ìpàta, òrí dì gbagidi nínú igbá débi pé ọ̀bẹ ni àwọn ìyá tó ń tà á fi ń gé e fún oníbàárà. Abdulmumini rí i, ó kọjá lọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi eléyìí ṣe ẹ̀rín, kò sì rántí pé nǹkan gidi ni òrí, pé nǹkan gidi sì ni ìbọn.

Ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kejìlá, ó gbéra lọ sí Fate láàárọ̀. Wọ́n ti ja ilé kan lólè ní ìgbèríko ọ̀hún lọ́sẹ̀ náà, ó sì ti pinnu pé lónìí, bó fẹ́ bó kọ̀, Sàrátù á bá òun padà sílé. Ó bá a ní àgbàlá tó ń sá aṣọ sórí okùn. Christiana, ìyàwó Láníyọnu, ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń ti inú ilé pariwo sí àwọn ọmọ pé kí wọ́n wá bàtà wọn.

"Bàbá, ẹ tún ti dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yín," ni Sàrátù wí, ẹ̀rín sì wà lójú rẹ̀. "Mo ti sọ fún yín, onílé mi—"

"Ní ìbọn. Mo ti gbọ́. Mo rí ìbọn ọ̀hún. Kò yàtọ̀ sí igi ìdáná."

Ẹnu ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n wà nígbà tí ajá náà gba ibi tí ọgbà ti ya wọlé. Ajá àdúgbò lásán ni, pupa, irun rẹ̀ rí jákujàku. Ṣùgbọ́n itọ́ ń já lẹ́nu rẹ̀ bí ọṣẹ, orí rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ń tàgẹ̀ẹ́rẹ̀ rìn bí ọ̀mùtí. Sàrátù, tó ti rí irú rẹ̀ rí, fi aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Dìgbòlugi ni," ló wí. "Bàbá, ẹ má sáré. Ẹ má mira."

Christiana rí i láti ojú fèrèsé, ó ké. Ká tó pajú pẹ́, Láníyọnu ti jáde pẹ̀lú sínglẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò ṣọ́ọ̀ṣì, ìbọn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọkùnrin náà kò sá. Ó dúró gírí, ó fi ìdí ìbọn ti èjìká, ó yìn ín. Gbòà! Ọta àkọ́kọ́ fọ́n iyẹ̀pẹ̀ sókè níwájú ajá náà. Ajá yí sí ibi tí Sàrátù wà.

Láníyọnu tún tẹ̀ ẹ́. Kò dún. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, kò dún. Ó mì ín, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a. "Márùn-ún ni!" ló ń ké bí ẹni tó ń bẹ ìbọn náà. "Márùn-ún ni mo kó sí i!"

Ajá náà bu Sàrátù jẹ ní ojúgun, kò sì fi í sílẹ̀. Odó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Abdulmumini kò mọ ìgbà tí òun fa ọmọ odó yọ. Ó lu ajá náà lórí, ó lù ú, ó tún lù ú lẹ́yìn tó ti kú.

Nígbà tó yíjú padà, Sàrátù ti jókòó sílẹ̀. Ó ń fi ọṣẹ àti omi fọ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ń fọ̀ ọ́ ṣáá bí ẹni tó ń fọ ìkòkò tó jó, ojú rẹ̀ le koko, kò sì sunkún. Láníyọnu ti ju ìbọn sílẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí. Abdulmumini gbé ìbọn náà. Páálí ọta àkọ́kọ́ há sí ẹnu ihò tó yẹ kó bá jáde, kò jáde, kò wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀, irin tó yẹ kó máa lọ kó máa bọ̀ dúró sáàárín ọ̀nà. Ó fi èékánná họ ọ́. Ohun funfun kan tẹ̀lé èékánná rẹ̀ jáde, ó dì bí àbẹ́là. Kò nílò kó gbóòórùn rẹ̀, síbẹ̀ ó gbóòórùn rẹ̀.

Ó nu ìka náà mọ́ aṣọ, ó sì gbé ìbọn sílẹ̀ kí Sàrátù má baà rí i.

Abẹ́rẹ́ mẹ́rìnlá ni dókítà kọ fún un ní ọsibítù ńlá àárín ìlú, ọ̀kan lójúmọ́, ikùn ni wọ́n ti ń gún un, yíká ìdodo. Ilé bàbá rẹ̀ ló súnmọ́ ọsibítù jù, ibẹ̀ ni Sàrátù kó wá. Ohun tí Abdulmumini ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọdún tó kọjá ti bọ́ sí i lọ́wọ́: ọmọ rẹ̀ wà nílé. Àràárọ̀ ni ọmọ náà ń bu omi sínú kọ́ọ̀bù, tí á gbé e lọ́wọ́, tí á wò ó fún ìgbà díẹ̀ kó tó mu ún. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Abdulmumini mọ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé omi ni ẹni tí dìgbòlugi bá mú kọ́kọ́ máa ń sá fún. Láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan, bàbá á dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, á di ògiri mú, títí yóò fi gbọ́ tí omi náà gba ọ̀nà ọ̀fun lọ.

Lóde, iyì rẹ̀ ń ga sí i. Ìròyìn ti yí Ọjà-Ọba ká pé ọ̀tọmátíìkì akọ̀wé há, gbogbo ẹni tó ti gbọ́ èébú lẹ́nu Abdulmumini rí ń wá kí i. "Bàbá, ẹ ti sọ ọ́! Ẹ ti sọ ọ́ pé kò dáa!" Ìjòyè kan tiẹ̀ rán ènìyàn wá pé kó bá òun wá ẹlẹ́nu méjì. Abdulmumini ń mi orí. Ẹ̀gàn tó ti ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ há fún àwọn ènìyàn ti yí ojú padà, ó ń wò ó. Òun ni páìpù omi. Òun ni igi ìdáná. Yàhàyá kò bá àwọn èrò náà yìn ín. Ó doríkodò sórí gàárì rẹ̀, kò sì béèrè òrí mọ́.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ọ̀sán, Láníyọnu wá sílé. Sàrátù dùbúlẹ̀ lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, torí ikùn rẹ̀ ti le bí pákó. Yàhàyá jókòó tì í. Akọ̀wé àgbà dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Abdulmumini, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, nínú eruku.

"Bàbá, ẹ foríjì mí. Ẹ̀bi mi ni. Mi ò lè sùn. Ẹ̀yin ṣàlàyé fún mi dáadáa, ẹ ní gbogbo oríkèé, nínú lóde. Ó ní láti jẹ́ pé òrí tí mo fi pa á ni kò tó." Ó dìde kúnlẹ̀, ó tú ẹrù tó gbé wá. Ìbọn náà wà níbẹ̀ nínú ìró olódòdó, igbá òrí tuntun kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Mo ti ra èyí tó dáa jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa á lójú mi, kí n lè rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Sàrátù fi ìgbọ̀nwọ́ gbé ara rẹ̀ sókè.

"Òrí?" ló wí. "Òrí lẹ fi sínú ìbọn? Nínú ọyẹ́? Ta ló ní kí ẹ ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀?"

Ó ya Láníyọnu lẹ́nu pé kò mọ̀. "Bàbá ni. Ọgbọ́n Bóòmà ni." Ó sì nà án sí i, ìwé pélébé náà, pẹ̀lú ọjọ́, pẹ̀lú ìlà tó fà sábẹ́ rẹ̀.

Sàrátù kà á. Yàhàyá wá bàtà rẹ̀, kò rí i, ó jáde láìwọ bàtà.

"Bàbá," ni Sàrátù wí, "ṣé ẹ sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n á gbà yín gbọ́?"

Irọ́ kan wà níbẹ̀ tó rọrùn, ó ti bọ́ sí i lẹ́nu tán. Abdulmumini wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọwọ́ tó fi di ikùn mú.

"Lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́, mi ò mọ̀," ló wí. "Mo tún pàdé wọn ní Ìpàta tí wọ́n ń ra òrí. Lọ́jọ́ yẹn, mo mọ̀."

Sàrátù kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó yí ojú sí onílé rẹ̀, tó ṣì kúnlẹ̀ tó ń wo ẹnu wọn láti ọ̀kan sí èkejì, tí ẹ̀rín ojú rẹ̀ sì ń kú lọ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ dìde, sà," ló wí fún un. "Ẹ gba ìjókòó. Ẹ̀bi yín kọ́."

Lẹ́yìn náà ló dùbúlẹ̀ padà, ó sì kọ ojú sí ògiri.

Láti ọjọ́ náà títí abẹ́rẹ́ fi pé mẹ́rìnlá, "ẹ káàárọ̀" àti "ó dàárọ̀" nìkan ló bá bàbá rẹ̀ sọ. Abdulmumini ti ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé ìbọn náà wọ yàrá, ó tú u palẹ̀ tinú-tòde fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó fi kẹrosíìnì fọ gbogbo òrí náà kúrò. Ó wá fi gíláàsì sójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àbùkù. Ó wá a nínú àwọn sípíríìnì, ó wá a lára irin, ó wá a ní oríkèé gbogbo. Ó wá a fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò rí ọ̀kan. Ẹni tó ṣe ìbọn yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀ ju Abdulmumini lọ, kò sì bú ẹnikẹ́ni kó tó ṣe é. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀kán mẹ́ta péré, ló kán sí i.

Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ó ní kí Láníyọnu wá, àwọn mẹ́ta sì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta lẹ́yìn ìlú. Òun ló ní kí Sàrátù bá wọn lọ. Ọyẹ́ òwúrọ̀ yẹn ń gé ni létí. Láníyọnu kó ọta márùn-ún sínú ìbọn.

Abdulmumini dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbàdúrà. Kò jẹ́ sọ àdúrà náà sókè. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó há, lẹ́ẹ̀kan péré, kí òun lè rí nǹkan dì mú.

Gbòà! "Oókan," ni Sàrátù wí. Páálí ọta fò jáde, ó bọ́ sórí òkúta. Gbòà! "Eéjì." Gbòà! "Ẹẹ́ta." Gbòà! "Ẹẹ́rin." Láníyọnu mí kanlẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbòà!

"Aárùn-ún," ni Sàrátù wí.

"Kò há!" Láníyọnu ń fò sókè bí ọmọdé. "Bàbá, kò há! Kí lẹ fi sí i?"

"Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ."

"Ṣé ó wà lọ́jà?"

"Ó wà lórí pẹpẹ mi," ni Abdulmumini wí. "Ó wà lẹ́yìn mi lọ́jọ́ tí ẹ wá."

Láníyọnu kò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó wo bàbá náà láti orí dé ẹsẹ̀. Ó di ìbọn rẹ̀ sínú ìró, ó gbé e kọ́ èjìká.

Wọ́n dé ìkóríta. Ọ̀tún ni ọ̀nà ilé Abdulmumini, òsì ni ọ̀nà Fate. Sàrátù dúró, ọwọ́ kan wà lára ikùn rẹ̀. Bàbá rẹ̀ yà sí ọ̀tún, ó dúró dè é. Sàrátù wò ó, ojú rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀.

"Ẹ bá mi kó ẹrù mi ránṣẹ́," ló wí. "Kò séwu, Bàbá. Onílé mi ní ìbọn."